Afárá Aláìlẹ́sẹ̀ Odò Òwènà

Bàbá mi kì í fọkàn tán ohunkóhun tí ó bá dúró láìní ẹsẹ̀. Orí òkè ni wọ́n bí i sí, nígbà tí gbogbo Ìdànrè ṣì ń gbé láàárín àpáta, ó sì ti di géńdé kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ó máa ń sọ pé àpáta kò já òun kulẹ̀ rí, pé ibi tí òun bá fi í sí lálẹ́ ni òun máa ń bá a láàárọ̀. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí ni kò fi bẹ́ẹ̀ gbà gbọ́, nítorí pé ó rọ̀, omi sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Oko kòkó wa wà ní òdìkejì odò Òwènà. Kí a tó dé ibẹ̀, a ní láti kọjá omi náà, ọ̀rọ̀ bí ènìyàn yóò ṣe kọjá kì í sì í tán nílé wa. Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tí ó ń bá wa gbé, ni ó mọ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọge, okùn inú igbó ni wọ́n lọ́ pọ̀, tí wọ́n so mọ́ igi ńlá méjì, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń gùn ún lẹ́ẹ̀kan, ẹni náà kò sì gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹ̀rín a máa mú okùn náà fì. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gé igi ìrókò kan tí ó ṣubú gbalaja láti etí odò kan dé ìkejì. Nígbà tí lọ́rì dé, àwọn àgbẹ̀ fọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọ́n ri òpó mọ́ inú omi, wọ́n to pákó lé e. Afárá pákó yẹn ni èmi bá láyé. Ọdọọdún ni omi òjò ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lọ, tí àwọn yòókù a sì tẹ̀ lé e. Bí ó bá ti lọ bẹ́ẹ̀, orí ni a fi ń ru kòkó gba inú omi. Àpò tí omi bá kàn á hu funfun, ẹni tí ó ń ra kòkó á fi imú gbóòórùn rẹ̀, á sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́. Mo kàwé dé kíláàsì kẹta, lẹ́yìn náà wọ́n ní ọwọ́ kò tó lóko. Ojú máa ń tì mí púpọ̀. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, àyà ara mi ni mo máa ń sọ ọ́ fún, ìyá mi a sì ní kí n gbé orí sókè, pé àyà mi kò ní etí.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn òṣìṣẹ́ afárá dé, òyìnbó kan ni ọ̀gá wọn. Lọ́rì gígùn ni ó kó irin wọn wá, irin tí ó gùn ju ilé wa lọ. Wọ́n mọ ògiri kọnkéré ńlá kan sí etí odò níhìn-ín, wọ́n mọ òmíràn sí òdìkejì. Gbogbo wa ń retí ọjọ́ tí wọn yóò wọ inú omi láti ri ẹsẹ̀ afárá mọ́lẹ̀. Wọn kò wọ inú omi. Ìyá Àgbà ni ó kọ́kọ́ béèrè, lọ́jọ́ tí ó bá mi lọ sí odò. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ dá a lóhùn pé afárá yìí kò ní ní ẹsẹ̀ kankan nínú omi, pé ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni yóò fi ré odò kọjá.

“Ta ni yóò wá gbé e?” ni Ìyá Àgbà wí.

Òṣìṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín, kò fèsì, àìfèsì rẹ̀ ni ó sì dá wàhálà sílẹ̀. Kí ọjà tó tú lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri pé òyìnbó ń wá ẹni tí yóò fi sábẹ́ ògiri náà, tí yóò máa gbé afárá lórí títí ayé. Àwọn kan ní ó ti rí ẹnì kan. Bí o bá béèrè ẹni náà, wọn á ní ará Òfosù ni; bí o bá sì pàdé ará Òfosù, á ní àwọn gbọ́ pé ọmọ Ìdànrè ni. Ìyá mi kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ dá lọ sí odò mọ́, n kò sì gbọdọ̀ jẹ ohun tí òṣìṣẹ́ afárá bá fún mi, ì báà ṣe ẹ̀pà.

Ìkìlọ̀ náà pẹ́ dé. Mo ti jẹ ẹ̀pà.

Ẹni tí ó fún mi ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti apá Ọ̀yọ́, tí gbogbo wọn ń pè ní Káfíńtà. Òun ni ó ń kan àpótí pákó tí wọ́n ń da kọnkéré sí títí yóò fi le. Ó yá yàrá ní ilé tí ó kángun sí tiwa. Ó máa ń kí mi bí mo bá ń fọ agbọ̀n létí odò, èmi kì í sì í ṣe ju kí n tẹ orí ba. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rán fóòmáànù wọn, àgbà ọkùnrin kan tí ó gbọ́ èdè òyìnbó, kí ó wá bá a tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi, kò sí ẹni tí ó bi mí bóyá mo fẹ́. Ìyá mi wo ojú mi, ó ní òun ti rí i.

Bàbá mi kò gbà, kò sì kọ̀. Ó ní òun kò mọ ilé ọmọkùnrin náà, òun kò mọ bàbá rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni òun lè fi mọ̀ ọ́n, nítorí náà òun yóò lọ wo iṣẹ́ náà.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ó lọ wò ó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo rù bọ̀ láti oko. Wọ́n ti na irin já ní àkókò yìí, wọ́n sì ti da kọnkéré lé e lórí. Bàbá mi rìn ín, ó fi gìgísẹ̀ gbá a, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó dé ìparí tí ó kọjú sí oko wa, ó dúró. Àlàfo kan wà láàárín ibi tí afárá parí sí àti ògiri etí odò. Kò tóbi, ìka lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó gba gbogbo ìbú afárá já, ènìyàn sì lè rí omi nísàlẹ̀.

Lójú bàbá mi, ọ̀rọ̀ ti yé e tán: sìmẹ́ńtì tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, wọ́n ti tà á. Ó pe Káfíńtà, ó bi í pé kí ló dé tí wọn kò dí i. Ẹ̀rọ tí ń po kọnkéré ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Káfíńtà dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu kí ohùn rẹ̀ lè jáde.

“Wọ́n fi í sílẹ̀ kí afárá lè máa mí ni, Bàbá.”

Mo gbọ́ ọ. Mí ni ó wí, ohùn òkè, bí ènìyàn ṣe ń mí èémí. Bàbá mi wò ó títí, ó yí padà, ó kọrí sílé.

Nígbà tí a jókòó ti oúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́, ó ròyìn fún Ìyá Àgbà àti ìyá mi. Ó ní ọmọkùnrin náà kò tilẹ̀ fi pa mọ́, ó sọ ọ́ lójú òun kòrókòró pé wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ kí afárá lè máa mì.

“Kí ó máa mì?” ni Ìyá Àgbà wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni ó wí. Ó mọ̀ pé yóò mì, ó sì tún fẹ́ mú ọmọ mi gba orí rẹ̀ kọjá.”

Ìyá Àgbà ní àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ a máa kí ènìyàn kíkí gígùn, inú kíkí gígùn náà ni wọ́n sì máa ń di ohun tí wọn kò fẹ́ kí a rí sí. Ó ní láti ọjọ́ tí ọmọkùnrin náà ti ń kí òun kú ìrọ̀lẹ́, kú ìjókòó, kú afẹ́fẹ́, ni ara ti ń fu òun.

Èmi kò lè dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Mo tẹ̀ lé ìyá mi lọ sí ìdí ààrò, mo sọ fún un pé mí ni ó wí, kì í ṣe mì. Ìyá mi dá ọwọ́ dúró nínú abọ́ tí ó ń fọ̀.

“Irin ń mí?” ó ní. “Ṣé ìyẹn wá sàn ju mímì lọ? Gbé omi ka iná.”

Mo gbé omi ka iná. Bí mo ti dùbúlẹ̀, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Mo rántí gbogbo ẹ̀pà tí mo ti jẹ.

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣe ohun tí n kò ṣe rí: èmi ni mo kọ́kọ́ bá Káfíńtà sọ̀rọ̀. Mo bi í bóyá lóòótọ́ ni irin ń mí. Ó ní bí fóòmáànù ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ òyìnbó fún àwọn nìyẹn. Wọ́n ní bí oòrùn bá mú, irin a gùn sí i. Bí òtútù bá mú, a súnkì. Bí kò bá sì sí àyè fún un, ògiri ni yóò máa tì. Ó ní òun kò kọ́kọ́ gbà, òun rò pé fóòmáànù ń fi àwọn ṣeré ni, títí òun fi ti ìka bọ àlàfo náà ní àárọ̀ ọyẹ́, tí ó wọlé, tí òun tún tì í bọ̀ ọ́ lọ́sàn-án, tí kò wọlé mọ́. Síbẹ̀, ó ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà, nítorí pé ó lè jẹ́ ìka òun ni ó ń wú lọ́sàn-án.

Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìka yìí ni ó jẹ́ kí n gbà á gbọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ tan ènìyàn jẹ kì í kọ́kọ́ fura sí ìka ara rẹ̀.

Ó tún sọ fún mi pé òyìnbó náà ní eléyìí kéré, pé nílùú àwọn, afárá wà tí ó ré omi kọjá níbi tí o kò ti ní mọ ojú ẹni tí ó dúró lódìkejì, pé orí okùn irin ni wọ́n so ó rọ̀ sí. Ó ní bó pẹ́ bó yá irú rẹ̀ yóò dé ilẹ̀ wa, lórí odò Ọya àti lórí ọ̀sà, àwọn ọmọ wa yóò sì máa gbà á kọjá láìbojú wo ìsàlẹ̀. Ó sọ “àwọn ọmọ wa”, ó wá rí i pé òun ti sọ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìṣó tí kò sọnù.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ okùn irin náà fún Ìyá Àgbà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, “Okùn. Wọ́n lọ, wọ́n lọ, orí okùn wa ni wọ́n padà sí.” Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó wá béèrè pé ta ni ó fi okùn tiwa hàn wọ́n.

Bàbá mi ránṣẹ́ pe fóòmáànù. Ó ní òun ti rí ohun tí òun yóò fi dá ọ̀rọ̀ náà rú tàbí tí òun yóò fi parí rẹ̀. Lọ́rì tí yóò kọ́kọ́ gba orí afárá ni òun ń dúró dè. Kí wọ́n kó kòkó kún inú rẹ̀, kí òun sì wà nísàlẹ̀ kí òun máa wò ó. Bí afárá bá mì, kí Káfíńtà gba ibi tí ó ti wá lọ. Bí kò bá mì, kí ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá. Fóòmáànù gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò mọ̀ pé bàbá mi ti ṣi ọ̀rọ̀ kan gbọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọmọ odó ìyá mi sọnù. Ògbólógbòó ni, ó ti là lórí, ẹ̀yìn ilé ni a gbé e tì. Ṣùgbọ́n òun ni mo fi kọ́ iyán gígún, ọwọ́ mi àti ọwọ́ ìyá mi sì ti mú un dán láàárín. Ìyá mi fura sí obìnrin ìdílé Mùsùlùmí tí ó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, nítorí pé ó wá bu iná lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kan ṣáájú. Kò sọ fún un. Ó kàn dẹ́kun dídá a lóhùn bí ó bá kí i.

Àárọ̀ ọjọ́ tí lọ́rì yóò kọjá, ọyẹ́ bo gbogbo òkè, a kò rí àpáta kankan. Bàbá mi ti jáde kí a tó jí. Nígbà tí ó padà wá mu ẹ̀kọ, èérún igi wà lára ṣòkòtò rẹ̀, ojú rẹ̀ sì balẹ̀ bí ojú ẹni tí ó ti parí iṣẹ́ kan.

“Kò ní mì,” ni ó wí fún Ìyá Àgbà.

Ọ̀sán ni wọ́n dá, gbogbo wa sì jáde lọ sí odò. Lọ́rì pẹ́ kí ó tó dé. Ọyẹ́ ti ká kúrò, oòrùn sì mú débi pé ènìyàn kò lè fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí kọnkéré. Nígbà tí lọ́rì yọ níkẹyìn, tí awakọ̀ rẹ̀ ń fọn fèrè bọ̀, nǹkan kan dún ní ìparí afárá bí ìbọn. Ègé kọnkéré kan ya lára ògiri etí odò, ó já sínú omi. Àwọn obìnrin fà sẹ́yìn. Ẹnì kan ní ẹni tí wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀ ni ó ń gbìyànjú àtidìde.

Òyìnbó náà sáré débẹ̀, fóòmáànù tẹ̀ lé e. Wọ́n kúnlẹ̀ ti àlàfo náà, wọ́n fi irin wa inú rẹ̀. Èèkàn igi ni wọ́n rí níbẹ̀, èèkàn tí wọ́n gbẹ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n sì fi òòlù gbá wọlé ṣinṣin, láti etí kan dé ìkejì. Irin ti gùn nínú oòrùn, kò rí àyè, ó sì ti ògiri títí ògiri fi là.

Wọ́n yọ èèkàn kan, òyìnbó yí i wò, ó wo àárín àwọn òṣìṣẹ́. Igi ni, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì ń fi igi ṣiṣẹ́ nínú wọn. Kò tilẹ̀ pariwo. Ó sọ̀rọ̀ ṣókí fún fóòmáànù, fóòmáànù sì sọ fún Káfíńtà pé kí ó lọ kó irinṣẹ́ rẹ̀. Káfíńtà ní òun kọ́. Àwọn tí ó dúró létí odò ti ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé àlejò ni, pé ta ni ó mọ ohun tí ó wá ṣe, pé ìdí nìyí tí ó fi ń kí ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi dúró láàárín wọn. Ó ń wo ògiri tí ó là bí ẹni tí a na ní ẹgba tí òun fúnra rẹ̀ rà.

Fóòmáànù ju èèkàn náà sílẹ̀, ó ta dé iwájú mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú un. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́; ẹ̀gbẹ́ kejì yípo, ó sì ń dán. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n. Mo lọ bá bàbá mi, mo kúnlẹ̀. Bí mo ti máa ń sọ̀rọ̀ náà ni mo ṣe sọ ọ́, sí àyà ara mi.

“Bàbá, ọmọ odó ìyá mi nìyí.”

Mo rò pé òun nìkan ni yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ tí ń po kọnkéré kò ké. Gbogbo etí odò gbọ́ mi.

Ìyá mi ni ó kọ́kọ́ rìn wá. Ó gba igi náà lọ́wọ́ mi, ó yí i padà, ó wo bàbá mi. Ó ní láti ọjọ́ kejì ọjà ni òun kò ti dá ìyá aláṣọ lóhùn, pé ta ni yóò wá bá òun kí gbogbo ìkíni tí òun jẹ ẹ́ yìí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ fìlà, ó kọjá lọ bá fóòmáànù.

“Èmi ni,” ó ní. “Ọmọ yìí sọ pé ó ń mì. N kò fẹ́ kí ó mì.”

“Bàbá, mí ni mo wí,” ni Káfíńtà sọ, ó sì mí sókè, ó mí sílẹ̀, kí bàbá mi lè rí i.

Fóòmáànù gbìyànjú láti túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún òyìnbó, ó sì hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é túmọ̀, nítorí pé òyìnbó ń béèrè ohun kan náà lásọtúnsọ. Níkẹyìn, fóòmáànù náà mí sókè, ó mí sílẹ̀, òyìnbó sì ṣe bí ó ti ṣe. Ọkùnrin mẹ́ta dúró sínú oòrùn, wọ́n ń mí síra wọn lójú. Wọ́n dá Káfíńtà padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n yọ gbogbo èèkàn náà, wọ́n sì dá lọ́rì padà títí wọn yóò fi tún ògiri ṣe.

Nígbà tí lọ́rì tún dé, bàbá mi kò dúró lórí ilẹ̀ pẹ̀lú wa. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abẹ́ afárá bí ó ti wí, ó ká ṣòkòtò, ó dúró sínú omi, ó sì tẹjú mọ́ irin. Lọ́rì gba orí rẹ̀ kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ẹrù kòkó. Lẹ́yìn tí ó kọjá, bàbá mi kò tètè gòkè. Káfíńtà wò mí, mo wo ilẹ̀.

Nígbà tí ó yọ, ó nu ẹsẹ̀ lára koríko kí ó tó sọ̀rọ̀.

“Ó sọ̀ díẹ̀,” ó ní. “Mo rí i. Nígbà tí lọ́rì lọ tán, ó padà sókè.”

Ìyá Àgbà ni ó bi í pé ṣé mímì ni kí a pe ìyẹn ni, àbí mímí.

Bàbá mi bojú wẹ̀yìn wo afárá náà. Ó ní bí àyà ẹni tí ó ru ẹrù ni ó ṣe ṣe, pé òun náà ti ru kòkó rí, òun sì mọ bí ó ṣe máa ń rí. Ó kọjú sí Káfíńtà.

“Kó àwọn ènìyàn rẹ wá,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ń mí lè kú. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ọ, ẹ máa bojú tó o.”

Òdìkejì odò ni mo ń gbé báyìí, ní abúlé tí ó sún mọ́ oko. Ọkọ mi ṣì ń tẹ̀ lé àwọn tí ń ṣe afárá káàkiri, a sì máa padà wálé nígbà òjò. Bàbá mi máa ń wá wò mí. Láti ẹnu ọ̀nà mi ni mo ti ń rí i bí ó bá ń bọ̀ lórí afárá, tí ó ń rìn ní àárín gbùngbùn rẹ̀, jìnnà sí etí méjèèjì. Bí ó bá dé ìparí, á bẹ̀rẹ̀, á ti ìka bọ inú àlàfo náà, á dá a dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí a ṣe ń wo aláìsàn bóyá ara rẹ̀ gbóná. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ẹsẹ̀ sórí ilẹ̀.